Orúkọ Tí A Kò Bi Màmá

Ọjọ́ Sátidé ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ Màmá. Òróró àgbọn tó gbé síwájú híítà ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí. Ó fi òòyà la irun mi sí méjì, ó fa ìlà náà dé ìpàkọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì:

"Ọmọ olódò tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn..."

"Màmá, èmi lẹ̀ ń kì?"

"Rárá o. Ilé bàbá mi ni. Mi ò bímọ; bí n kò bá kì í sí ọ létí, inú mi ni yóò kú sí. Gbé orí dúró."

Aládùúgbò wa ni Màmá ní Newton Heath, nílùú Òyìnbó, ògiri kan ló là wá. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyá mi ń ṣe ní ọsíbítù, nítorí náà ọ̀dọ̀ Màmá ni mo máa ń wà bó bá ń sùn. Ará Kétu ni Màmá, abẹ́ ìjọba Faransé ni wọ́n bí i sí. Bó bá ń dirun, ìtàn kan náà ló máa ń sọ.

"Fadá ṣí kàlẹ́ńdà. Ẹni mímọ́ tó ni ọjọ́ tí wọ́n bí mi, orúkọ rẹ̀ ló kọ fún mi, ó wá fi orúkọ bàbá mi tì í lẹ́yìn. Tèmi tiẹ̀ dáa. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, ọjọ́ ọdún ìjọba ni wọ́n bí i. 'Ọdún Ìjọba' tó wà nínú kàlẹ́ńdà ni wọ́n kọ fún un."

Á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́.

"Àbúrò mi, Kùtọnu ni wọ́n mú un lọ. Àkàndé là ń pè é nílé. Mo gbọ́ pé orúkọ bàbá wa àgbà ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn níbẹ̀. Èwo nínú orúkọ bàbá àgbà náà, mi ò mọ̀. Ikùn kan la ti jáde, ìwé Faransé sọ wá di àjèjì síra wa. Bó o bá kàwé tán, bá mi wá a."

"Mo gbọ́, Màmá."

Mo kàwé tán. Mo ti ń wá Àkàndé nígbà tí Màmá kú ní àsìkò òtútù tó kọjá yìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ka orúkọ òkú síta. Obìnrin tó wà lẹ́yìn wa bi ìyá mi pé, "Ta nìyẹn?"

"Màmá wa ni. Màmá Newton Heath."

Obìnrin náà káwọ́ lérí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bá àgbàlagbà kan ní Kétu sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ó lè bá mi wá ilé Màmá. Mo sọ orúkọ bàbá Màmá fún un, mo sì ki ìlà oríkì kan ṣoṣo tí mo rántí.

"Ilé tí wọ́n ń kì bẹ́ẹ̀ pọ̀, ọmọ mi, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ náà sì pọ̀. Kí lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ?"

Mi ò bi í rí. Ọmọ kì í bi àgbà ní orúkọ. Màmá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo bi ìyá mi, mo bi àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ni gbogbo wọn ń pè é. Bí Àkàndé bá wà láàyè, kò tíì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti lọ. Mi ò sì lè sọ pé ó wà láàyè.

Bí mo bá ń dirun ara mi, mo ṣì ń fa ìlà náà dé ìpàkọ́, mo sì ń ki ìlà oríkì yẹn. Ìlà kejì kì í tẹ̀ lé e.

Èyí tó dá mi lójú ni pátákó orí sàréè rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi nu omi òjò kúrò lára rẹ̀. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀: ti ẹni mímọ́, àti ti bàbá rẹ̀.