Ta Ló Ní Kó Bá Mi Parí Ẹ̀?

Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá Ó-Kù-Díẹ̀ parí iṣẹ́ tó ti ń fà bọ̀ láti ọdún mélòó kan, ńṣe ló bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n jí lọ́mọ gbé.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" ló ń bi Alábòójútó, obìnrin tí gbogbo iṣẹ́ wọn wà níkàáwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, aránṣọ kan tó mọ kọ̀ǹpútà ló ràn wá lọ́wọ́ láti òkèèrè. Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹ kí i kú iṣẹ́."

"Ta ló ní kó bá mi parí ẹ̀?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tú u palẹ̀. Iṣẹ́ náà, tó ń fi fọ́tò wọn gígùn ara ènìyàn bó ṣe yẹ láàárọ̀, tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé apá oníbàárà gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni ọkàn Ó-Kù-Díẹ̀ tó balẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà táwọn aránṣọ fi ń ya àwòrán aṣọ kí wọ́n tó gé e ni wọ́n jọ ń ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá wù lè tú inú rẹ̀ wò, kó sì fi àtúnṣe ránṣẹ́. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe ni ibi iṣẹ́ wọn, òórùn gọ́ọ̀mù a sì máa bá wọn ṣèpàdé. Ohun tuntun tí kò bá tíì jinná, ẹ̀yìn bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń pè ní "Ìdánwò" ni wọ́n ń tì í mọ́, kó má baà ba iṣẹ́ ẹni tí kò béèrè rẹ̀ jẹ́. Ti Ó-Kù-Díẹ̀ kún ibẹ̀ bí ẹrù ẹni tó ń kó kúrò nílé. Bí o bá bi í pé ṣé ó ti parí, èsì kan ṣoṣo ló ní. Èsì náà ló di orúkọ rẹ̀.

Ó ń jowú lórí iṣẹ́ rẹ̀, Alábòójútó náà sì ń jowú rẹ̀. Obìnrin náà á ṣiṣẹ́ láṣepé, á dán an wò lọ, á dán an wò bọ̀, kò sẹ́ni tí yóò kí i. Ó-Kù-Díẹ̀ á kọ ọ́ sára tirẹ̀ pé: "Kò tíì jinná. Bí inú bá run ọ́, má pè mí." Ńṣe làwọn aránṣọ á ya bò ó. Ẹ̀rọ á fi kọ́là ọrùn ẹ̀wù sí ìdí ṣòkòtò, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọ̀wé pé: "Bàbá, ẹ kú làákàyè! Ìgbà wo ló máa parí?" Itọ́ á korò lẹ́nu Alábòójútó. Ó dà bí ẹni tó se ọbẹ̀ sílẹ̀, tí àlejò ń béèrè ìkòkò aládùúgbò tí kò tíì hó.

Ó wá ṣòfin: kí olúkúlùkù kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ máa parí sí i lára, bí ọjọ́ bá pé tí kò parí, yíyọ ni.

"Òfin yìí dáa," ni Ó-Kù-Díẹ̀ wí. Ó kọ "ọ̀la" sára gbogbo tirẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Alábòójútó ká ọwọ́ aṣọ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ ti pé o. Mo ń yọ wọ́n."

"Àbúrò, tún un kà. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ọ̀la."

"Ṣé ọ̀la ti dé ni?"

Nígbà tó yá, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró gbé Ó-Kù-Díẹ̀ dè. Alábòójútó lọ wò ó nílé ìwòsàn.

"Ṣé wọ́n ṣì ń ṣí bọ́tìnnì mi?"

"Gbogbo ayé ni, ẹ̀gbọ́n. Tèmi nìkan lẹnì kankan ò rí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Orí tìẹ ni wọ́n jókòó lé, àbúrò. Ta ló ń kí àga?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti jáde láyé.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí wọ́n yọ gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, torí ilé tí kò lónílé, òjò ni yóò wó o. Alábòójútó gbà. Ó ń yọ wọ́n lọ títí ó fi kan èyí tó ń to àwọn abala aṣọ sórí ìgàn kí àgékù má baà pọ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ dá a lọ́wọ́ dúró. Ìlara tún ta á: kí ló dé tí èyí ò fi wá sí òun lọ́kàn? Ẹnì kan nínú wọn ní òun á bá bàbá náà parí ẹ̀.

"Rárá!" ni Alábòójútó wí, ohùn náà le débi pé ó ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Òun ló parí ẹ̀, òun ló dán an wò, òun ló sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn bọ́tìnnì fún gbogbo ayé.

Ìkíni ya wọlé bí omi òjò. "Ẹ bá wa kí bàbá náà o! Iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìyí, a mọ̀ ọ́n!" Kò sẹ́ni tó dárúkọ Alábòójútó. Ó jókòó, ó ń retí kí itọ́ ẹnu òun korò. Kò korò. Ó nu ojú, ó sì dá wọn lóhùn pé: "Màá bá yín kí wọn."