Àwọ̀n Ìmọ́lẹ̀ Tove

Ọdún mọ́kànlélógún ni Tove Hedegaard fi ń tan oòrùn sínú omi tí kò sí níbì kankan. Ní ilé iṣẹ́ tó wà ní Viborg, ìlú kan ní Denmark, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fíìmù ọmọdé, kálukú ló ní ibi tó mọ̀ ọ́n ṣe: ẹnìkan ń ṣe irun, ẹnìkan ń ṣe ewé. Ìsàlẹ̀ omi ni ti Tove. Bí fíìmù bá ti wọ òkun báyìí, òun ni wọ́n máa ké sí, àní àwọn ọ̀dọ́ tó rò pé àwọn gbọ́n jù ú lọ.

Ẹni tó bá ti wẹ̀ nínú omi tó mọ́ á mọ ohun tí mò ń wí. Oòrùn tó bá wọnú omi kì í dúró jẹ́ẹ́. Ìgbì orí omi á máa tẹ̀ ẹ́, á máa ṣà á jọ, títí tí yóò fi tẹ́ bí àwọ̀n wúrà sórí iyanrìn nísàlẹ̀, àwọ̀n tó ń nà, tó ń súnkì, tí kì í sinmi. Kọ̀ǹpútà ò lómi nínú, kò sì lóòrùn. Tove ló ń ya àwọ̀n náà, á gbé e síwájú fìtílà inú kọ̀ǹpútà, á wá so ó mọ́ aago kó lè máa yí padà bí àkókò ṣe ń lọ. Bí kò bá so ó, àwọ̀n á dúró gbagidi bí irin ojú fèrèsé.

Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ti ń rì lọ sísàlẹ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ìwé wọn, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí èémí á fi fẹ́ẹ̀ tán, kó ṣáà lè máa wo àwọ̀n yẹn. Ọkọ tó fẹ́ kò bá a kalẹ́, kò sì bímọ. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ní láyé, á ní ojú méjì àti sùúrù.

Lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, ó ń mu kọfí nílé, ó wo férémù ilẹ̀kùn, ó rí i tó tẹ̀ kọrọdọ bíi pé ó wà nínú omi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ti wọ òun lára. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn ṣì tẹ̀. Dókítà ojú sọ fún un pé àárín ojú rẹ̀ méjèèjì ló ń kú díẹ̀díẹ̀; ẹ̀gbẹ́ á ṣẹ́ kù, àárín á lọ, irú tirẹ̀ ò sì lóògùn. Ó fún un ní bébà kan tí wọ́n fa ìlà tààrà sí níbùú lóòró, kó máa fi yẹ ojú rẹ̀ wò láràárọ̀. Tove lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Bó bá ti ń wò ó, àwọn ìlà náà á máa mì, wọ́n á máa ṣàn. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó lẹ́wà.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Fíìmù tó wà lọ́wọ́ wọn dá lórí akàn kékeré kan ní èbúté, tí apá rẹ̀ kan já, tó ń wá a kiri ìsàlẹ̀ omi. Oṣù méjì ló kù kí wọ́n parí, Tove sì ní kóun ṣáà parí akàn yìí, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí nílé wa. Ẹni tó ń tanná fún alákàn ńkọ́? Láti Àjíǹde, kò mú iṣẹ́ rẹ̀ kankan jáde fún wọn wò. Ó ní ó di ìgbà tí wọ́n bá pọ̀, wọ́n sì gbà fún un nítorí ẹni tó jẹ́.

Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sínú yàrá kan tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, tàwọn ti ife kọfí lọ́wọ́, wọ́n á wo iṣẹ́ àná lára ògiri. Lọ́jọ́ Tuesday kan, Malthe, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí fíìmù náà, ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Tove mú ọ̀kan wá. Ó mú un wá. Akàn jókòó sórí iyanrìn, ó ń sunkún, àwọ̀n ìmọ́lẹ̀ bo ẹ̀yìn rẹ̀.

Tove nàka sí ògiri. "Ẹ wò ó bó ṣe ń mí! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o."

 Malthe tún gbé e sára ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yẹn ni yàrá bú sẹ́rìn-ín.

"Tove, o fẹ́ pa wá! Èyí ló ń mí? Òkú ń mí?"

"Akàn ti dèrò ẹ̀wọ̀n, ẹ wo irin lára ẹ̀!"

"Kéèkì! Kéèkì!" Gbogbo wọn ń fọwọ́ lu itan.

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé kéèkì wá lọ́jọ́ kejì. Tove gbàgbé láti so àwọ̀n mọ́ aago. Kò sẹ́ni tí kò lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé á rí i bó bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kan. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tove fi wò ó, tó ń rí i tó ń jó.

"Mo mọ̀, ẹ jàre," ó ní. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ò tíì jí ni." Ó bá wọn rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún. Bodil, tí wọ́n ti jọ ń jókòó pọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń ṣe kéèkì ápù, ó wo òṣùwọ̀n, nọ́ńbà tó wà láàárín ti pòórá. Ọwọ́ ló fi bu ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn tó ti gbé e sínú ààrò, ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún bí ọmọ kékeré, nítorí ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ Tove.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú yàrá aláṣọ dúdú náà, wọ́n jẹ kéèkì, ó dùn, wọ́n yìn ín. Malthe kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó gbé àwòrán méjì sí ara ògiri, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún.

"Tove, Bodil ti bá ẹ so ó mọ́ aago. Mo wá gbé ti tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n àfi kíwọ fọwọ́ sí i. Àbí ó ń sáré jù?"

"Èwo ni tuntun?" Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀! Kéèkì kejì ti délẹ̀ o!" làwọn yòókù pariwo.

Tove wo ògiri. Akàn méjì, àwọ̀n méjì, méjèèjì ń mì. Ó tún ranjú mọ́ ọn, méjèèjì ṣì ń mì. Agara dá a, ó gbójú sílẹ̀ sí abọ́ kéèkì tó wà lórí itan rẹ̀, ibẹ̀ ló ti fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i pé ti òsì nìkan ló ń rìn. Ti ọ̀tún ti kú fin-ín. Ó gbójú sókè, méjèèjì tún jí. Ó wá yí ojú pátápátá sí aṣọ dúdú ojú fèrèsé, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó.

"Ti òsì ni," ó ní. "Kò sáré jù. Ó dáa."

"O ò kọjú sí i," Malthe ní. "Báwo lo ṣe wá mọ̀?"

Ẹ̀rín ń kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bodil gbé ọwọ́ lé ọwọ́ Tove.

"Mi ò gbàgbé láti wò ó," ni Tove wí. "Mo wò ó. Ojú mi ló ń kú. Bí mo bá wò ó, irọ́ ló ń pa fún mi. Àfi bí mo bá gbójú kúrò."

Malthe gbé abọ́ kéèkì rẹ̀ sílẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti Àjíǹde."

 Gbogbo wọn mọ̀ pé iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún ni Tove ti tọ́jú pamọ́ láti ìgbà náà, tí ẹnì kankan kò tíì wò. Tove náà ń ka àwọn iṣẹ́ náà lọ́kàn. Ó fẹ́ràn gbogbo wọn, kò sì mọ èyí tó ń mí nínú wọn àti èyí tó ti kú.