Ẹja Onílà Odò Elékùrọ́

Ọdún tí àwọn ènìyàn bọ́ ìbòmú kòrónà sọnù ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, mo sì ti padà sí agboolé bàbá mi ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo. Mo rò pé ìjà ẹgbẹ́ ti tán lọ́rùn mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí nípa ìyanṣẹ́lódì tí àwa olùkọ́ ṣe láyé ọjọ́un nítorí owó oṣù. Ìyẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n sọ ìjà tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù lọ, ti ẹja kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́ mi ni n ó sọ.

Ìdí-Obì ni wọ́n ń pe abúlé náà. Inú igbó kòkó ló wà, ní apá ibi tí ènìyàn ń gbà láti Iléṣà lọ sí Itagunmodi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe olùkọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé Ìyá Dérò ni mo sì gbé. Àgbẹ̀ kòkó ni, opó, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí àwọn obìnrin abúlé sì máa ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Òun ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó ní kí n wá wo omi.

Mo lọ. Elékùrọ́ lorúkọ odò náà. Orí òkè ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba inú igbó obì kọjá, ó wá tẹ́jú ní ìsàlẹ̀ abúlé níbi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ìsàlẹ̀ yìí ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń wa wúrà gbé katapílà sọ̀kalẹ̀ sí. Wúrà kì í ṣe ohun tuntun ní agbègbè náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fi ṣọ́bìrì àti igbá wá a, odò sì ń fara dà á. Ti katapílà yàtọ̀. Ó hú ìdí odò títí omi fi rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹja inú rẹ̀ sì ń léfòó.

Dérò, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Dérò bí, wà lára àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ó ti kàwé jáde, kò ríṣẹ́, òun ló wá ń ṣe atọ́nà fún wọn nínú igbó. Ẹ má rò pé ọmọ burúkú ni. Iṣẹ́ yẹn ló fi tún òrùlé ìyá rẹ̀ ṣe.

Láàárín ìgbà yẹn náà ni ọ̀mọ̀wé kan dé láti yunifásítì. Fọlárìn lorúkọ rẹ̀, ẹja inú odò ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀ dá lé. Ó ta àwọ̀n kékeré sí apá òkè odò, níbi tí katapílà kò tíì dé, ó sì kó ẹja kan jáde tí àwọn ará abúlé ń pè ní onílà, nítorí ìlà pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ló máa ń fi ṣeré, kò tó ohun tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀. Fọlárìn sọ fún wa pé òun ti wá irú ẹja yìí káàkiri àwọn odò agbègbè náà, pé ibi tí òun ti rí i kò pọ̀ rárá, àti pé inú omi tó mọ́, tó tutù, tí igi ṣíji bò, nìkan ló lè gbé. Bí katapílà bá gòkè, ó tán nìyẹn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Dérò kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn béèrè bóyá ẹja náà ti wà níbẹ̀ kí àwọn baba ńlá wọn tó tẹ ibẹ̀ dó. Fọlárìn ní ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú wọn.

A dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Pálọ̀ mi ni a ti ń pàdé, èmi, Fọlárìn, àwọn obìnrin Ìdí-Obì, àti Kọ́mírèédì Lásísì tí a jọ ja ìjà ẹgbẹ́ olùkọ́. Lásísì ló mọ ètò ìwọ́de jù nínú wa, ó sì ní kí a má tilẹ̀ dárúkọ ẹja.

Ó ní, "Àlùhájà, ebi ń pa ará ìlú. Bí a bá gbé ẹja tí ẹnikẹ́ni ò jẹ lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni wọn ó fi wá ṣe. Omi ni kí a sọ. Omi ò lọ́tàá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí. A kọ ọ̀rọ̀ omi sára páálí, a wọ bọ́ọ̀sì, a dé Àbẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń sọ̀kalẹ̀ nínú takisí. Ọ̀gá kan tí ọ̀rọ̀ odò wà lábẹ́ rẹ̀ jáde sí wa, ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àárín abúlé. Omi rẹ̀ mọ́. Mo mu nínú rẹ̀. N kò lè sọ pé wọ́n tàn wá jẹ. Ohun tí a béèrè ni wọ́n fún wa, àwa ni a kò béèrè tán. Àwọn ará abúlé dúpẹ́, púpọ̀ nínú wọn sì fi ìjà sílẹ̀. Lásísì ní a ti borí, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í lànà lọ sí òkè odò.

Ìyá Dérò wá bá mi ní Òkè-Baálẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin tó kù sẹ́yìn rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ló fi sọ ọ́, èmi ni mo gbé e sí èdè tí gbogbo wa ń kà: "Kànga yẹn, èèyàn ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Ta ló gbẹ́ kànga fún ẹja?"

Báyìí ni a ṣe padà sí Àbẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe Ìjẹ̀ṣà láyé tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri: òṣómàáló, ẹni tí yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gba ohun tirẹ̀. Àwọn obìnrin náà lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Wọn kò kọrin, wọn kò pariwo. Fọlárìn bu omi odò sínú ìgò, onílà méjì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá ọjọ́sí jáde.

"Ìyá, ṣé ẹ̀ ń jẹ ẹja yìí ni?"

Ìyá Dérò ní, "A kì í jẹ ẹ́."

"Ṣé ẹ̀ ń tà á?"

"Ta ni yóò rà á?"

"Kí ló wá wúlò fún?"

Ìyá Dérò gbójú sókè wò ó. "Ọ̀gá, a kì í jẹ ẹ̀yin náà, a kì í sì í tà yín. Ẹ ṣì nílé tí ẹ ó padà sí nírọ̀lẹ́."

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó gba ìgò, ó gbé e síwájú oòrùn, ó wò ó pẹ́. Ó ní òun yóò rán àwọn tí yóò wá yẹ odò náà wò.

Ilé-iṣẹ́ náà gbọ́, wọ́n sì fẹ́ dé òkè odò kí àwọn olùyẹ̀wò ìjọba tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà ní Ìdí-Obì, a gbọ́ ìró katapílà lọ́nà igbó obì. Àwọn obìnrin jókòó dí ọ̀nà, mo jókòó tì wọ́n. Dérò ló ṣáájú ẹ̀rọ, àdá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣánko fún un. Ó dúró nígbà tó rí ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Iṣẹ́ mi nìyí."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ni. N kò ní kí o má ṣiṣẹ́. Ibí yìí ni n kò ní dìde."

"Nítorí ẹja?"

"Nítorí ẹja."

Dérò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò bá wa jókòó, kò sì ṣánko mọ́. Àwọn mìíràn tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ló wá ń fà wá dìde níkọ̀ọ̀kan. Nínú fífà yẹn ni Ìyá Dérò ṣubú sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Awakọ̀ pa ẹ̀rọ. Dérò ju àdá sílẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, ó sì gbé e dé títì.

Àwọn olùyẹ̀wò dé lẹ́yìn náà. Wọ́n rí onílà, wọ́n sì pàṣẹ pé katapílà kankan kò gbọdọ̀ kọjá igbó obì lọ sókè. Àṣẹ náà ṣì múlẹ̀ títí di òní. Lásísì ṣì ń bá mi jiyàn pé omi ló yẹ kí a dúró lé lórí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ní Ìdí-Obì, wọ́n rí kànga fi dípò omi, ẹja ni wọn kò rí ohun tí wọn ó fi dípò rẹ̀.

Ohun tí a pàdánù kò ṣe é fi pamọ́. Ọ̀pá ni Ìyá Dérò fi ń rìn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Dérò, ìgbìmọ̀ wa tó gba odò sílẹ̀ kò rí iṣẹ́ mìíràn fún un, ó sì ti lọ wa wúrà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, níbi tí odò ẹlòmíràn wà. Mo bi ìyá rẹ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn sí ohun tí a ṣe. Ó ní inú òun dùn sí odò. Gbèsè tí a jẹ Dérò wà lọ́rùn àwa tí a pe ara wa ní ajàfẹ́tọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì gbọdọ̀ jẹ irú rẹ̀: ẹ má gba odò lọ́wọ́ ọ̀dọ́ láìrí ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ìsàlẹ̀ odò kò tíì rí olùtọ́jú. Ilé-iṣẹ́ náà kó ẹrù wọn lọ, wọ́n fi kòtò sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, èmi àti Fọlárìn rìn gba etí omi láti òkè wá. Onílà pọ̀ lábẹ́ àwọn igi obì. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń bá wa bọ̀, títí a fi dé ibi tí omi mímọ́ ti pàdé ẹrẹ̀. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìjà wa dé, kí ó lọ dúró níbẹ̀.