Páànù Tí Wọ́n Ṣí Lórí Ìyá Mi

Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá ń yin òfin ilé àyágbé lórí rédíò. Òfin náà dára lóòótọ́: ó ní onílé kò gbọdọ̀ gba àsansílẹ̀ tó ju owó oṣù mẹ́ta lọ. Àmọ́ ní Tchaourou níbí, ní Benin, ọdún kan gbáko ni onílé wa ń gbà.

Mo gbé ìyá mi wá láti Goro, abúlé wa, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, kó lè wà nítòsí ilé ìwòsàn. Yàrá kan la ní, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ránṣọ. Nígbà tí ọdún wa pé, owó oṣù mẹ́ta ni mo mú lọ bá onílé.

"Tonton, ẹ jọ̀ọ́, loi, òfin ìjọba, ti jáde. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n wí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á, ó tiẹ̀ ṣàdúrà fún ìyá mi. Mo rò pé mo ti borí. Òmùgọ̀ ni mí.

Lọ́jọ́ kẹta, ó mú káfíńtà wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí páànù orí yàrá wa. Nínú yàrá mẹ́fà, tiwa nìkan ni. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn.

"Mi ò lé ẹ o," ó wí. "Mò ń tún ilé mi ṣe ni. Ṣé loi ní kí n má tún un ṣe?"

Ní Goro, bí ìjì bá ṣí ilé ẹnì kan, kódà ẹni tí à ń bá jà, gbogbo wa la máa ń kó koríko lọ bò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbí, ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ojú ọ̀run. Tapólì, rọ́bà fífẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bo òwú, ni mo ta lé e lórí. Òjò wó tapólì náà lulẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Àwọn ayálégbé yòókù wá bá mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbè mí ni.

"Tata, àǹtí wa, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ jàre, kó má baà kàn wá."

Ẹjọ́ ńkọ́? Kí ẹjọ́ tó parí, òjò á ti pa ìyá mi. Ọwọ́ mi kò tíì tẹ èèkù idà. Mo kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn, mo kó owó ọdún náà pé. Páànù padà sókè kí ó tó di ìrọ̀lẹ́.

Lóṣù tó kọjá, olùkọ́bìnrin kan wá wo yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

"Tata, oṣù mélòó ni onílé yìí ń gbà?"

Ìyá mi ń wo ẹnu mi.

"Ọdún kan," mo wí. "Má bá a jiyàn o."

Olùkọ́ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.