Òwìwí Inú Àká Ìyá Ọkọ Mi

Bí mo bá sọ pé ẹyẹ ti dẹ́rù bà mí rí, àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín ín lọ. Wọn kò sùn rí nínú ilé tí èkúté ti ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni lójú oorun, tí yóò jẹ, tí yóò tún fẹ́ ẹ kí ó má baà dunni. Wọn kò sì lóyún ní Ìkòsì nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba, tí ẹni tó bá ń lọ sí Kétu ń la oko ẹ̀gẹ́ kọjá.

Èkúté ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jẹ àgbàdo inú àká, wọ́n jẹ ẹ̀gẹ́ inú ilẹ̀, wọ́n jẹ aṣọ tí a fi ṣe mí ní ìyàwó. Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀, ó ní àwa la fà á. A gé ìrókò etí odò tí òwìwí ń gbé, ọdẹ sì yìnbọn pa èyí tó kù nítorí a ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Ó ní òun yóò mú òwìwí padà wá kí wọ́n máa jẹ èkúté náà, bí ẹnì kan bá lè fún wọn ní àká tí wọn yóò máa gbé títí ibẹ̀ yóò fi mọ́ wọn lára.

Wọ́n pe ìpàdé. Ààfáà ní rárá. Olùkọ́ ìjọ náà ní rárá, n kò sì tún rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn méjèèjì jọ fẹnu kò lé lórí títí wọ́n fi kú. Bàbá kan bi àlejò wa léèrè bóyá ó níyàwó nílé, àti ohun tó dé tí kò kó ẹyẹ náà sí yàrá ìyàwó rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ìyá ọkọ mi, opó tó jẹ́ pé àgbàdo yẹn nìkan ló gbójú lé.

Ó dìde. “Ẹ kó wọn wá sí àká tèmi. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó wá gba àgbàdo mi lẹ́nu èkúté.”

Oyún wà nínú mi, èyí àkọ́kọ́ sì ti bàjẹ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló a sá. N kì í rìn nínú oòrùn ọ̀sán, abẹ́rẹ́ kì í kúrò létí ìró mi, ọkọ mi sì wà ní Èkó lẹ́nu iṣẹ́. Èwo wá ni ti òwìwí?

Wọ́n gbé méjì dé nínú àgò adìẹ tí wọ́n fi àpò bò. Ojú wọn pẹlẹbẹ, ó jọ ti ènìyàn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní tí ọ̀kan ké, mo sá wọ yàrá, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mi mú.

Lóòótọ́, èkúté dínkù. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kò yà kí wa mọ́. Wọ́n á kúnlẹ̀ fún Ìyá lókèèrè, wọ́n á yára dìde. Láràárọ̀ tí Ìyá bá fọwọ́ kan ikùn mi bó ti máa ń ṣe, ọwọ́ náà ń bà mí lẹ́rù, mo sì ń bẹ̀rù nítorí ẹni tó ni ọwọ́ náà pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé bí oyún yìí bá tún bàjẹ́, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ibà ni. Wọ́n á ní Ìyá ló jẹ ẹ́. Wọ́n á lé e nílùú, bí wọn kò bá sọ ọ́ lókùúta.

Nígbà tó yá, gìrì mú ọmọ aládùúgbò wa kan, ó sì kú. Òwìwí ti ké nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àbúrò bàbá ọmọ náà, obìnrin kan báyìí, ló kígbe rẹ̀ síta: “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti kún iwájú ilé wa, àwọn kan mú kẹrosíìnì lọ́wọ́.

Baálé àdúgbò kọjú sí mi. “Ìyàwó, ìwọ lò ń bá a gbélé. Ṣé ara rẹ le?”

“Ara mi le, Bàbá. Ìyá ló ń tọ́jú mi.”

Òtítọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n eyín mi ń gbá ara wọn. Ẹnì kan ní ẹ ò rí i, ó ti dè é lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ṣáná sí àká nìyẹn, tàgbàdo tàgbàdo. Ọ̀kan nínú òwìwí náà jáde pẹ̀lú iná nírù, ó já bọ́, wọ́n sì fi igi pa á. Èkejì kò jáde rárá. Ìyá kò sunkún. Apá mi ló fà. “Ìyàwó, bọ́ sẹ́yìn. Èéfín kò dáa fọ́mọ.”

Mo bímọ láyọ̀, ọkùnrin, ó ké dáadáa. Gbogbo àwọn tó sun àká wa ló wá bá wa yọ̀. “Ẹ ò rí i? Ìgbà tá a sun ẹyẹ yẹn lọmọ dúró.” Ẹ̀rù ti bà mí pé ikú ọmọ mi ni yóò dá Ìyá lẹ́bi. N kò mọ̀ pé bí ọmọ náà bá yè, ẹ̀bi yẹn náà ni. Inú bí mi títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọn jáde.

Ìyá ọkọ ní í wẹ ọmọ tuntun nílé wa. Mo gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, mo gbé adí àti kànìnkànìn tì í, mo gbé ọmọ lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

“Ìyá, ẹ wá wẹ ọmọ yín.”

Ó wo ọmọ náà bí èmi ṣe wo òwìwí nínú àgò. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìró.

“Ìyàwó, bó bá wúkọ́ lọ́la ńkọ́?”

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò jáde. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ọmọ sí i. N kò wẹ ọmọ rí láyé mi. Èkúté ń sáré lókè àjà. Ìyá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń kọ́ mi láti ibẹ̀.

“Di ọrùn rẹ̀ mú. Rọra. Rọra, ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó.”