Bàbá Tó Ń Bèèrè Ìtumọ̀ Orúkọ Ilé-Iṣẹ́ Mi

Ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kò nítumọ̀. Mi ò sọ pé iṣẹ́ ibẹ̀ kò nítumọ̀ o. Iṣẹ́ wà, owó oṣù sì ń wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni mò ń sọ. Lẹ́tà díẹ̀ ni, x wà láàárín, z ló kẹ́yìn, kò sì sí èdè kan tó gbà á lọ́mọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ kí orúkọ yẹn tó fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi.

Inú yàrá mi ní Òkè-Afá ni mo ti ń ṣe é. Bí bàtà tí obìnrin kan rà nílùú òyìnbó kò bá tètè dé, èmi ni obìnrin náà yóò kọ̀wé bú, èmi náà ni yóò sì máa bẹ̀ ẹ́ títí bàtà yóò fi dé. Onílé mi ò mọ èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé ọ̀dọ́kùnrin kan wà nínú ilé òun tí kì í jáde láàárọ̀, tó ní kọ̀ǹpútà, tó sì ń san owó ilé lásìkò. Ládùúgbò wa, ẹni tó bá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀, gbájúẹ̀ ni wọ́n ń pè é, àfi tó bá fẹ̀rí hàn pé òun kọ́. Mi ò bínú sí wọn. Èmi náà ì bá rò bẹ́ẹ̀.

Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ kò pè mí ní gbájúẹ̀. Ì bá sàn. Àlájì ni, ọmọ Ìsẹ́yìn, ó ń ta ìṣó àti àgádágodo ní Òṣòdì, ilé rẹ̀ sì wà ní Ìsọlọ̀. Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò lè gbọ́ orúkọ kó má bèèrè ìtumọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "japa," ó gbà á wọlé. Ó ní òun dá a mọ̀, ọmọ ilé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé "sapa" dé, pé òun ló ń sọ àpò èèyàn di òfìfo, Àlájì bi wọ́n pé ọmọ ta ni, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe fi pe àìlówó tòun, pé àìlówó tòun ti lórúkọ tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́ ni bàbá òun ń pè é.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an, orúkọ ìyá rẹ̀ ló fi sọ ọ́, nítorí pé ìyá náà ló ta ewúrẹ́ rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè rówó wọkọ̀ wá sí Èkó. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa yòókù kà á sí òwe. Àlájì kà á sí òfin.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí i, kò bi mí ní iye tí mò ń gbà. Kò bi mí bóyá mò ń kírun, bẹ́ẹ̀ mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Orúkọ ibi iṣẹ́ mi ló bèèrè. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Òun náà gbìyànjú rẹ̀ wò, ó dún bí ẹni ń lé adìyẹ nídìí àgbàdo.

"Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"O ò mọ̀. Ẹni tó ń fún ẹ lóúnjẹ, o ò mọ ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀." Kò gbóhùn sókè. "Lọ bi wọ́n. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n, máa bọ̀, ká wá sọ̀rọ̀ ọmọ mi."

Ọmọ náà sìn mí dé ẹnu géètì. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní bàbá rẹ̀ mà lè ṣàwàdà o. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí bàbá òun kò bá ti ṣàdúrà sí i, òun ò ní fẹ́ mi, bó ti wù kí òun nífẹ̀ẹ́ mi tó. Mo mọ̀ pé kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó yí i padà. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá wa, òyìnbó kan tí mi ò rí rí àfi nínú kọ̀ǹpútà. Mo ní àna mi fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́ wa. Ó kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ ni. Nígbà tó yé e, ó ní kò nítumọ̀ kankan. Lọ́jọ́ tí òun fẹ́ ra orúkọ tí àwọn èèyàn yóò máa tẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo èyí tó nítumọ̀ ló ti lólówó, èyí ló sì pọ́ọ́kú jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù. Ó fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta fóònù ní Àgọ́ Palace. Kò tiẹ̀ ronú rárá.

"Sọ fún wọn pé èdè Gíríìkì ni, pé òtítọ́ ló túmọ̀ sí. Má pè é ní Lárúbáwá o, Àlájì gbọ́ Lárúbáwá."

"Tí wọ́n bá lọ ṣèwádìí ńkọ́?"

"Lọ́wọ́ Gíríìkì wo, ní Òṣòdì?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Látọjọ́ yẹn, bí mo bá ń wẹ̀, òun ni mo fi ń dánra wò. Mo tiẹ̀ fi kún un pé òpùrọ́ kan ti jẹ ọ̀gá wa níyà rí, ìyẹn ló jẹ́ kó fi òtítọ́ sọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ó dùn débi pé àánú ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí.

Nígbà tí mo padà lọ, Àlájì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé ni, ó ń fọ ìpẹtà kúrò lọ́wọ́. Ó nuwọ́, ó jókòó sí iwájú mi.

"Kí ni wọ́n wí?"

Mo la ẹnu. Gíríìkì wà níbẹ̀, òtítọ́ wà níbẹ̀, òpùrọ́ tó jẹ ọ̀gá wa níyà náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti tò. Ṣùgbọ́n bàbá náà tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára gan-an, ojú sì tì mí.

"Kò nítumọ̀, Bàbá. Wọ́n ní òun ló pọ́ọ́kú jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù."

Èmi ti ń wo ẹnu ọ̀nà, mò ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀.

"Òótọ́ nìyẹn," ni Àlájì wí. "Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ ì bá wá èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó kọjú sí ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní kí wọ́n bá òun gbé omi tútù wá fún àna òun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dọ̀bálẹ̀. Obìnrin kan tí mi ò rí rí ló gbé omi náà jáde, ó pọn ọmọ kan, òmíràn di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ó kí mi, ó gbé omi kalẹ̀, ó padà wọlé. Àlájì dúró títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

"Àkọ́bí mi nìyẹn, ó ti kó ọmọ ẹ̀ padà wá bá mi," ó wí. "Ọkọ tó fẹ́ ẹ, orúkọ ilé-iṣẹ́ tiẹ̀ nítumọ̀. Orí àga tó o jókòó sí yẹn ló ti túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ó dùn létí. Mo ṣàmín sí i."