Bí Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà

Òórùn irú ni mo fi máa ń rántí ìrìn àjò yẹn. Irú gbígbẹ ni màmá mi dì sínú ọ̀rá, ó fi ọ̀já tó hun fúnra rẹ̀ wé e, ó sì tì í bọ àárín kóòtù tuntun nínú báàgì àfẹ́sọ́nà mi. Ọ̀já yẹn ni wọ́n fi pọ̀n gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Basẹlónà, ní ilẹ̀ Sípéènì, màmá mi sì fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀já náà pọ̀n ọmọ ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa sọ ọ́ lórúkọ.

Ọmọ Ọ̀kà ni àfẹ́sọ́nà mi, ó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Àkùngbá. Màdírìdì ni wọ́n pè é sí, kó wá ka iṣẹ́ ìwádìí tó ti fi ọdún púpọ̀ ṣe níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé. Màmá mi ní kò sí wàhálà, ṣebí Sípéènì kan náà ni. "Bí Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà ni. Tó bá jẹun àárọ̀ tán, kó wọ mọ́tò, á ti padà kí oòrùn tó mú." Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Ìkàrẹ́, ó ní, "Mo ti gbọ́, mà." Kí ló tún fẹ́ sọ fún ìyá ìyàwó, nígbà tí wọn ò tíì fún un ní ìyàwó?

Èmi tí mo ní fóònù lọ́wọ́, tí mo lè wo bí Màdírìdì ṣe jìnnà sí Basẹlónà tó, n ò wò ó. Aṣọ ìgbéyàwó ni mò ń wò.

Ọjọ́ Ajé ló dé Màdírìdì. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, màmá mi ti ń kùn pé ọmọ Ọ̀kà yìí ń gbéra ga. Inú bí mi, mo pè é. "Iṣẹ́ kékeré tí màmá mi rán ọ, o ò lè jẹ́ ẹ? Tó bá jẹ́ pé o ti ga ju ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ lọ, sọ fún mi kí n mọ̀." "Kò burú," ó ní, "màá lọ."

Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò dé: ọmọ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, àfẹ́sọ́nà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú kóòtù. Màmá mi jó yí pálọ̀ ká. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Wákàtí mẹ́jọ ló fi jókòó nínú bọ́ọ̀sì, torí owó reluwé tó ń yára yẹn ga ju agbára ẹ̀ lọ. Ìkàrẹ́ sí Èkó ò tó o. Òní náà ló yẹ kó ka iṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n ti pe orúkọ ẹ̀, kò sí níbẹ̀."

Ojú gbà mí tì. Nígbà tó padà délé, mo kúnlẹ̀ fún un. Ó ní, "Ọmọ yẹn jọ ẹ́ o." Wọn ò tún pè é sí Màdírìdì mọ́.

Ọ̀kà là ń gbé báyìí. Títí di òní, màmá mi ṣì ń fi ìrìn àjò yẹn yìn ín lójú àlejò, "Bí Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà ni, kíá ló lọ!" Ọkọ mi á tẹrí ba, á ní ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n tí a bá ń ti ilé màmá bọ̀, tí a kọjá Àkùngbá, tí òkè Ọ̀kà yọ, táwọn ọmọ ò sì tíì jẹ gúgúrú ọwọ́ wọn tán, ọkọ mi á ní, "A ti dé Basẹlónà." Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì kọjú sí fèrèsé.